Ẹyẹ Ojú Sánmà àti Ẹrù tí Ara Lè Gbé

Bismillahir-Rahmanir-Rahim.

 Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tún mú ojú wa rí oṣù alápọ̀ńlé yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.  

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹlòmíràn á ní, kí ló kan ẹyẹ nínú ààwẹ̀? Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó fà á ná.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Ràmàdánì, baba kan nínú ẹgbẹ́ wa ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásàárì. A kò mọ̀ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Dókítà ti sọ fún wọn pé ara wọn kò gba ààwẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ìyàwó, wọ́n fi pamọ́ fún ọmọ, wọ́n fi pamọ́ fún àwa náà. Nígbà tí wọ́n la ojú ní ilé ìwòsàn, ohun tí wọ́n sọ ni pé ojú ń ti àwọn, kí ọmọ ọmọ àwọn máa gbààwẹ̀ kí àwọn wá máa jẹun. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí wọn sí, àlùhámúdùlíláhì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi ṣàlàyé fún ara wa pé ọ̀tọ̀ ni agbára, ọ̀tọ̀ ni agídí. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ ni a ti rí àlàyé náà.

Gbogbo wa la mọ lékeléke. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí wọ́n bá ń kọjá lókè lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a máa ń na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. A mọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Òmíràn nínú wọn wà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti pa á, tí ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ó tó dé ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí. Ọlọ́hun pàápàá tọ́ka wa sí àwọn ẹyẹ nínú Súrátul-Mulk àti nínú Súrátun-Nahl, pé kí a wo bí wọ́n ṣe dúró lójú sánmà, kí a sì ronú ta ni ó gbé wọn dúró. Wíwò náà ni a fẹ́ wò ó lónìí.

Ẹyẹ tí ó ń fo òkun kọjá

Ẹyẹ etí omi kan wà tí Òyìnbó ń pè ní godwit. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn tín-ín-rín, òun ni ó fi ń wá aràn àti kòkòrò nínú ẹrẹ̀. Bí a bá gbé e lé òṣùwọ̀n nígbà tí ara rẹ̀ gbẹ, kò wọn tó ìlàjì kílò. Alaska, lápá òkè Amẹ́ríkà níbi tí yìnyín pọ̀ sí, ni ó ti ń yé, tí ó ti ń pa ọmọ. Bí òtútù bá ti ń bọ̀, á gbéra, ó di New Zealand tàbí Ọsirélíà, nísàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Àwọn Maori tí wọ́n ni ilẹ̀ New Zealand ń pè é ní kuaka.

Alagbalúgbú òkun ni ó wà láàárín. Ẹyẹ yìí kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ tí ó lè jókòó sórí omi kí ó sinmi. Bí ó bá ti gbéra, àfi kó dé.

Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ kékeré tí sátẹ́láìtì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ sára díẹ̀ nínú wọn. Abo kan tí wọ́n pè ní E7 gbéra ní Alaska, ó fò ju 11,000 kìlómítà lọ, ó sì lé ní ọjọ́ 8 kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní New Zealand. Kò bà, kò jẹ, kò mu. Lọ́dún 2022, ọmọ ẹyẹ kan tí wọ́n pa lọ́dún náà gan-an, tí kò rin ọ̀nà náà rí, fò láti Alaska dé Tasmania ní Ọsirélíà. 13,560 kìlómítà ni, ọjọ́ 11 ni ó sì fi fò ó láìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Hájì, ẹ rántí bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe pẹ́ tó lójú yín láti Èkó dé Jẹ́dà. Ọ̀nà tí ọmọ ẹyẹ yìí fò ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ẹ má sì rò pé afẹ́fẹ́ kàn ń gbé e lọ ni o. Apá ni ó ń jù, tọ̀sán tòru. Àwọn tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ sọ pé agbára tí ara rẹ̀ ń ná lójú ọ̀nà tó ìlọ́po 8 sí 10 èyí tí ó ń ná nígbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ ènìyàn tí ó bá sáré tó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, á ti rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Sààrì ti ẹyẹ

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Àṣírí àkọ́kọ́ ni pé kì í gbéra lófo. Kí ó tó lọ, á jókòó ti ẹrẹ̀ etí òkun Alaska, á máa jẹ, á máa jẹ, títí ọ̀rá á fi bò ó. Ní oṣù October ọdún 1987, díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ yìí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra lọ forí sọ ilé rédà kan ní Alaska, wọ́n sì kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú wọn wò, wọ́n rí i pé ọ̀rá ju ìdajì ìwọ̀n ara wọn lọ.

Ọ̀rá kọ́ ni yóò yani lẹ́nu jù. Iwe wọn ti kéré. Ìfun wọn ti sún kì. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn náà ti dín kù. Ara ẹyẹ yìí mọ̀ pé kò sí oúnjẹ lójú ọ̀nà. Kí ló wá fẹ́ fi iwe ńlá ṣe? Ẹrù lásán ni. Nítorí náà, kí ó tó gbéra, ara rẹ̀ á ti sọ ohun tí kò ní lò kalẹ̀, á fún ọ̀rá láàyè, á sì jẹ́ kí ẹran àyà tí ó ń ju apá àti ọkàn tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lágbára sí i.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀rá? Ìdí ni pé bí a bá wọn ọ̀rá àti gààrí ní ìwọ̀n kan náà, agbára tí ń bẹ nínú ọ̀rá ju ìlọ́po méjì ti gààrí lọ. Ẹni tí ó fẹ́ rìn jìnnà pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, ohun tí ó mọ́ níwọ̀n tí ó sì pọ̀ lágbára ni yóò dì sápò.

Omi wá dà?

Ìbéèrè gidi ni èyí, nítorí nínú ààwẹ̀, òùngbẹ ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu ju ebi lọ. Ọjọ́ 11 lórí òkun, omi iyọ̀ nìkan ni ó wà nísàlẹ̀. Níbo ló ti ń rí omi?

Nínú ọ̀rá yẹn kan náà ni. Bí ọ̀rá bá ń jó nínú ara, ó ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, omi sì ni ọ̀kan nínú ohun tí ń tibẹ̀ jáde. Gíráàmù ọ̀rá kan ń di omi tí ó ju gíráàmù kan lọ díẹ̀. Ara wa náà ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti wa kò tó wa lò, nítorí pé à ń làágùn, a sì ń tọ̀. Ẹyẹ kì í làágùn. Kì í tọ̀ bíi tiwa pẹ̀lú. Ẹ wo ìgbẹ́ adìẹ nínú àgbàlá yín, ẹ ó rí ohun funfun kan lórí rẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti fún omi inú rẹ̀ padà sínú ara, ìwọ̀nba ni ó jẹ́ kó jáde. Bí nǹkan bá sì le jù, ẹyẹ á tún máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹran ara rẹ̀, omi sì ń bẹ nínú ìyẹn náà.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tí ó jọ pé ó ń fò lọ́wọ́ òfo, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ dání, ó sì gbé omi rẹ̀ dání.

Èyí tí ó ń kọjá lórí òkè Himalaya

Ẹyẹ kejì jọ pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ. Ìlà dúdú méjì wà ní ẹ̀yìn orí rẹ̀ funfun. Bar-headed goose ni Òyìnbó ń pè é. Mongolia àti Tibet ni ó ti ń yé, Íńdíà ni ó sì ń sá òtútù lọ. Òkè Himalaya, òkè tí ó ga jù láyé, ni ó dábùú ọ̀nà náà.

Òkè kò gbóná bí aṣálẹ̀, kò sì fẹ̀ bí òkun, ṣùgbọ́n ohun kan tí kò sí níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó tó. Bí a bá ṣe ń gòkè tó ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ tó. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ yìí tí ó dé 7,290 mítà. Níbẹ̀, ọ́síjìn tí èémí kan ń fà wọlé kò tó ìdajì èyí tí à ń fà ní etí òkun Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gun Everest a máa gbé àgbá ọ́síjìn kọ́ ẹ̀yìn, síbẹ̀ wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹyẹ yìí kò gbé nǹkan kan kọ́ ẹ̀yìn, apá ni ó ń jù.

Ẹ gbọ́ bí Ẹlẹ́dàá ṣe tò ó. Tiwa ni pé ọ̀nà tí èémí gbà wọlé náà ni ó ń gbà jáde, tuntun á sì máa dà pọ̀ mọ́ ògbólógbòó nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ti gbogbo ẹyẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ káàkiri inú ara. Afẹ́fẹ́ tuntun á kọ́kọ́ lọ sí àwọn àpò ẹ̀yìn, láti ibẹ̀ á gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá sí àwọn àpò iwájú, kí ó tó jáde. Ojú kan ni ó ń ṣàn sí, bí omi inú páìpù. Nítorí náà, ìgbà tí ẹyẹ ń fà á sínú àti ìgbà tí ó ń fẹ́ ẹ síta, afẹ́fẹ́ tuntun ni ó ń kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹyẹ orí òkè yìí wá ní ti rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tóbi ju ti àwọn ẹbí rẹ̀ tí ń gbé ìsàlẹ̀. Ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń di ọ́síjìn mú ṣinṣin ju ti wọn lọ. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín sì pọ̀ nínú ẹran àyà rẹ̀, tí ọ́síjìn kò fi ní rìn jìnnà kí ó tó dé ibi iṣẹ́.

Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára yìí, kì í ṣe fààrí. Ìwádìí kan tí ó jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé kì í lọ sókè kí ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Bí ilẹ̀ bá ga, á bá a ga. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, á bá a sọ̀ kalẹ̀. Lójú tiwa, ó dà bí ìfiṣòfò, pé kí ẹni tí ó ti gòkè tún máa sọ̀. Ṣùgbọ́n jíju apá nínú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè ni ó ń náni lágbára jù. Ó sì fẹ́ràn láti fò lóru àti ní àárọ̀ kùtù, nígbà tí òtútù ń mú kí afẹ́fẹ́ nípọn díẹ̀.

Obìnrin kan tí ń jẹ́ Jessica Meir, ọ̀kan nínú àwọn tí ń lọ sí òde ayé ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ irú ẹyẹ yìí dàgbà láti kékeré. Wọ́n fi ìbòmú kékeré sí wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fò níwájú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn, wọ́n ń dín ọ́síjìn wọn kù. Àbájáde rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019 ni pé bí ọ́síjìn bá ti dín, ara ẹyẹ náà á dín ìnáwó rẹ̀ kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì tutù díẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kó gbé ọ́síjìn sí i. Ohun tí ó wọlé ni ó fi ń wọn ohun tí ó ń ná.

Ẹyẹ tí ó yíjú padà

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí. Lọ́dún 2021, ọ̀kan nínú àwọn godwit tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lára gbéra ní Alaska bí ìṣe wọn. Ó ti wà lórí òkun nígbà tí ìjì líle pàdé rẹ̀. Kí ló ṣe? Ó yíjú padà. Gbogbo ọ̀nà tí ó ti fò náà ni ó tún fò padà sí Alaska.

Ẹ̀yin ará wa, ta ni yóò pe ẹyẹ yẹn ní ọ̀lẹ? Ta ni yóò sọ pé kò ní ìgbàgbọ́? Ẹlẹ́dàá tí ó fún un lágbára láti lọ náà ni ó fún un ní òye láti padà. Bó bá jẹ́ agídí ni ó ṣe, inú òkun ni ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ sórí ara wa. Ọlọ́hun tí ó pa ààwẹ̀ láṣẹ fún wa nínú Súrátul-Baqarah, ibẹ̀ náà ni ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò. Àṣẹ ni ààwẹ̀, ẹ̀bùn ni ìyọ̀ǹda. Ọwọ́ kan náà ni ó fi fún wa ní méjèèjì. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ yóò lọ, kí ó jẹun, kí ó sì san ọjọ́ náà padà nígbà tí ara bá yá. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìrètí àtilọ, tí dókítà tí a fọkàn tán sì sọ pé ààwẹ̀ yóò pa á lára, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi àìsàn pamọ́ fún àwọn ará ilé yín. Ẹ má sì fi ojú burúkú wo ẹni tí ẹ bá rí tí ó ń mu omi lọ́sàn-án. Ẹ kò mọ ìjì tí ó pàdé.

Àwa ò sọ èyí láti fi ọ̀nà hàn ọ̀lẹ o. Ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ó gbààwẹ̀ rẹ̀ pé. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ru búlọ́ọ̀kù, tí ń fà irin, tí ń wa ọkọ̀, a gbọ́ ìbéèrè yín. Iṣẹ́ líle nìkan kò yọ ààwẹ̀ lọ́rùn yín. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ kọ́ ìpalẹ̀mọ́ lọ́dọ̀ ẹyẹ. Ẹ má sun sààrì jẹ. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rọ̀ wá pé kí a máa jẹ ẹ́ nítorí pé báríkà wà níbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ọkà bàbà, ẹ mu omi díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà ìṣínu, ẹ má dúró di ìgbà tí ládàánì fẹ́ pe ìrun Àsùbáà kí ẹ tó máa gbé omi mì bí ẹni ń rọ ọ́ sínú kẹ̀ǹgbẹ̀. Iṣẹ́ tí ó le jù, ẹ ṣe é ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ẹ fi àníyàn bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ yín. Bí ó bá wá dé ibi tí ojú ń ṣú, tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, kí ẹni náà ṣínu, kí ó sì san án padà.

Ìṣínu náà, ẹ rọra. Ẹyẹ tí ó ti dín ìfun rẹ̀ kù kì í dé New Zealand lónìí kí ìfun náà ti tóbi lónìí. Díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ ń padà sípò. Dàbínù àti omi kọ́kọ́, kí ẹ kí Màgàríbì, kí ẹ tó kojú iyán.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ọ̀gá. Nígbà tí àwọn godwit bá ń padà sí Alaska, wọ́n máa ń yà jẹun ní etí Òkun Yellow Sea, láàárín Ṣáínà àti Kòríà. Ní ibì kan tí ń jẹ́ Saemangeum ní Gúúsù Kòríà, wọ́n mọ odi 33 kìlómítà, odi náà sì pa òkun dé lọ́dún 2006. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ti ń jẹun láti ayébáyé gbẹ. Ẹyẹ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, ọmọ ènìyàn ni ó gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́, ẹ má mọ odi sí ojú ọ̀nà wọn. Ẹ dín iṣẹ́ ọ̀sán kù fún alààwẹ̀. Ẹ tètè tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè bá ìṣínu nílé. Ẹ san owó wọn lásìkò. Làdá tí ó wà nínú ìyẹn kò kéré.

Baba tí a sọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀ wà láàyè, wọ́n sì ń gbọ́ wa báyìí. Àwọn ni wọ́n ní kí a sọ ọ́. Lọ́dún yìí, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé abọ́ oúnjẹ kan wá sí mọ́ṣáláṣí kí Màgàríbì tó tó, wọ́n á sì jókòó ti ẹni tí ń jẹ ẹ́ títí yóò fi parí. Wọ́n ní ojú kò ti àwọn mọ́.

Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ẹnikẹ́ni. Ó mọ ìwọ̀n ẹyẹ, Ó mọ ìwọ̀n òkun, Ó sì mọ ìwọ̀n tiwa. Kí Ó gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ kí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.